Ilẹ̀ Ṣàmsíátù ní Otokiti

Bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ti ń dún lábẹ́ ọwọ́ Ṣàmsíátù, ọkàn rẹ̀ kì í sí ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Aṣọ ilé-ìwé ọmọ ọlọ́mọ ló wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé kan lórí òkè ló ń rí, atẹ́gùn ń fẹ́ wọlé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, odò sì wà lọ́hùn-ún nísàlẹ̀, ó jìnnà débi pé kò lè bani lẹ́rù mọ́.

Ẹ̀rù odò náà tọ́ sí i. Ilé bàbá Súbérù ọkọ rẹ̀, nísàlẹ̀ àdúgbò Paparanda létí odò, ni wọ́n ń gbé, omi sì ti lé wọn jáde níbẹ̀ rí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Súbérù. Ó ń ta sìmẹ́ńtì, òun ló ń gbọ́ bùkátà, nítorí náà òun nìkan ló ń pinnu ohun gbogbo. "Mo ti parí ọ̀rọ̀ yẹn," ló máa ń wí, bí ẹni ń rọra ti ilẹ̀kùn. Ṣàmsíátù kì í bá a jà. Ó kàn ń bá àwọn obìnrin Nupe àti Ìgalà tí ṣọ́ọ̀bù wọn jọ wà lójú kan dá àjọ, ọdún ń gorí ọdún.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Súbérù wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ìyá Màrdíyà, mo ti rí mọ́tò tí a ó fi máa kó ẹrù. Àjọ tó o kó, gbé e wá ká fi kún un."

"Bàbá Màrdíyà, ẹ má bínú, kò sí nílẹ̀ mọ́. Mo ti fi ra ilẹ̀ lórí òkè ní Otokiti."

"Ilẹ̀? Ta lo sọ fún?"

"N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ máa ní ẹ ti parí ọ̀rọ̀ náà."

Súbérù kẹ̀yìn sí i. Ó jẹun, ó kírun, ó sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó ń ṣe Ṣàmsíátù bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ láàárín omi, tí kò sí àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ kò kábàámọ̀.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ́ọ̀ tán, Súbérù dá kẹ̀kẹ́ akérò dúró. "Jẹ́ ká lọ wò ó."

Koríko ilẹ̀ náà dé orúnkún. Súbérù yí i ká, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. "Ilẹ̀ líle ni. Orúkọ ta ló wà nínú ìwé rẹ̀?"

"Tèmi."

"Bí mo bá gbé sìmẹ́ńtì wá ńkọ́?"

Ṣàmsíátù ti ro èyí títí nídìí ẹ̀rọ. "A ó kọ orúkọ àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ má dá pinnu nǹkan ilé mọ́ láìbi mí léèrè."

Súbérù rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tọ́wọ́ tẹ̀. "Mo gbọ́." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń to òkúta sórí ilẹ̀ bí ẹni ń ya ilé. "Níbo lo fẹ́ kí ilé ìdáná wà?"

Ṣàmsíátù ká ìró rẹ̀ sókè, ó la koríko kọjá, ó lọ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ jù.

Wọ́n ti kọ́ ilé náà tán, ibẹ̀ ló sì ti ń dáná báyìí. Ní òwúrọ̀, Súbérù a gbé àpótí ìjókòó wá síbẹ̀, wọn a jọ máa rò ó bóyá kí Màrdíyà ọmọ wọn lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nígbà míì títí ẹ̀kọ fi máa tutù.