Màmá Ní Kí N Kí Yín

Èmi kì í jẹ bisikíìtì. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa tọ́ ọ wò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí n sọ bóyá ó dùn. Ó dùn. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀ ló ti ń dùn, mi ò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́ tí mo bá ti kúrò níbẹ̀. Búrẹ́dì ni èmi ń jẹ, búrẹ́dì Agége tó ṣì ń rú èéfín. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dúró lórí ìlà láràárọ̀ níwájú ilé búrẹ́dì kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Màá rà á, màá gbé e lọ sílé fún Màámi, màá wá wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mi ò fẹ́ràn kí èèyàn máa bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ojú tí mo máa ń gbé lọ síbẹ̀, àwọn tó ń ta búrẹ́dì gan-an kì í bá a ṣeré. Àfi ọkùnrin kan.

Ó máa ń dé fìlà funfun, ó sì máa ń wọ bàtà rọ́bà gígùn bíi tàwọn alápatà tó ń pa màlúù ní Oko Ọba. Alàájì ni gbogbo ìlà ń pè é. Bóyá ó ti dé Mẹ́kà, ẹnikẹ́ni ò béèrè. Ní Agége, ọkùnrin tó bá dé fìlà funfun tí kò sì pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni, ó ti dé Mẹ́kà nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó kàn yíjú sí mi, ẹ̀rín sì bò ó lójú.

"Há! Àǹtí! Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá ńkọ́?"

Mi ò rí i rí láyé mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí o, ọmọ tí wọ́n bí, tí wọ́n tún kọ́, ṣé ó máa ya ẹnu ẹ̀ báyìí béèrè pé "Ta ni yín?" lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè ìyá rẹ̀?

Mo ní, "Wọ́n wà dáadáa, sà. Wọ́n ní kí n kí yín."

Kí ẹnikẹ́ni má pe èyí ní irọ́. Bí wọ́n ṣe ń dáhùn nìyẹn. Ìyá ẹni tí wọ́n bá béèrè ti kí ẹni tó béèrè ná, kódà bó bá ṣì ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì. Alàájì gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn gan-an ni o. Ẹ ní mo ń béèrè wọn."

Mo rò pé ó ṣì mí mú ni, pé tó bá di ọjọ́ kejì ojú rẹ̀ á là. Ọjọ́ kejì pé, ó tún béèrè Màmá. Ìgbà tí èèyàn fi lè béèrè ẹni tí ẹnì kan jẹ́ kì í pẹ́ rárá. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀. Ọjọ́ kejì, èèyàn ṣì lè fi ẹ̀rín bò ó. Tó bá wá di pé ọkùnrin náà ti ń ṣe àdúrà ẹ̀mí gígùn fún ìyá rẹ, tí ìwọ náà ń ṣe àmín lójú gbogbo ìlà, ó ti parí. O ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, bóo mọ̀ ọ́n, bóo ò mọ̀ ọ́n.

Màámi ò tíì pẹ́ ní Agége nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí bàbá wa kú, àwa ọmọ pàdé lórí fóònù, a ní kò yẹ kí wọ́n máa dá gbé ní Èkìtì. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nílùú wa, tí Màámi bá ní àwọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn gbọ́dọ̀ tètè mú wọn kúrò nílé, torí kò sí ojúlé tí ẹni tí wọ́n ti nà rí kò ní jáde wá kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ní Agége, ẹgba wọn ò ba ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á máa wo táǹkì omi aládùúgbò. Fóònù wọn kì í dún, àfi tí àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá pè láti sọ pé wọ́n lè jẹ ẹ̀bùn mọ́tò. Wọ́n máa ń gbé e, wọ́n á tẹ́tí dé òpin, wọ́n á wá ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ kú iṣẹ́."

Ọjọ́ kan tí mo ń gé búrẹ́dì, ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Mo ní, "Màámi, ẹnì kan ní kí n kí yín o."

Wọ́n gbé ife tíì sílẹ̀. "Ta ni?"

"Alàájì kan ni, níbi tí mo ti ń ra búrẹ́dì. Ó ní òun ń béèrè yín."

"Èmi? Ó ń béèrè mi?"

"Lójoojúmọ́."

Mo fẹ́ sọ gbólóhùn tó kù, pé èmi ò mọ ọkùnrin náà, pé òun náà ò mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n Màámi ti jókòó tààrà. Wọ́n ti fọwọ́ kan irun wọn, bí ẹni pé Alàájì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, mi ò tíì rí ojú yẹn. Mo gbé gbólóhùn tó kù mì pẹ̀lú búrẹ́dì.

Wọ́n ní, "Ọmọ ilé ìwé mi ni. Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dúdú díẹ̀. Ó sanra díẹ̀."

"Èyí tó máa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì ni."

"Màámi, ọ̀pọ̀ èèyàn ló dúdú."

"Wọ́n dúdú. Ta ló ń jẹ ṣọ́ọ̀kì nínú wọn? Lọ bi í."

Ẹ̀yin ẹ rò ó wò. Obìnrin tó ti kọjá àádọ́ta ọdún, tó ń ṣiṣẹ́ gidi, lórí ìlà búrẹ́dì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mo ní, "Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ṣé ẹ máa ń jẹ ṣọ́ọ̀kì?"

Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi sún sẹ́yìn díẹ̀. Alàájì ò rẹ́rìn-ín. Ó ronú sí i.

"Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń kọ̀wé?"

"Òun ni, sà."

"Mi ò lè búra pé mi ò jẹ ẹ́ rí. Ọmọdé ò mọ ohun tó ń jẹ. Ṣé Màmá ló béèrè?"

"Àwọn ni."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti jáwọ́."

Nígbà tí mo jíṣẹ́ yìí fún Màámi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Màámi yan ẹ̀pà, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, ó di kí n gbé e fún Alàájì. Alàájì fi ṣàkì àti ẹran ránṣẹ́ sí Màámi, a ti dì í sínú ọ̀rá dúdú, mo sì gbé e gba àárín ìlà bí ẹni tó jí i. Màámi ní ṣàkì náà dára, kí n dúpẹ́. Alàájì ní ẹ̀pà náà ò jóná rárá, kí n dúpẹ́. Inú ń bí mi. Àwọn méjèèjì ń ṣọ̀rẹ́, èmi ni mò ń rẹrù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà mí jù. Màámi ti ń tètè jí. Wọ́n ti ń wẹ̀ kí n tó ti ibi búrẹ́dì dé, wọ́n á ti wé gèlè, wọ́n á jókòó de iṣẹ́ tí mo máa jẹ́. Tí wọ́n bá wá mọ̀ pé ẹni tó ń béèrè wọn yìí kì í ṣe ẹnikẹ́ni, pé àṣìṣe lásán ni, kí ló kù ní Agége fún wọn? Táǹkì omi ló kù.

Ni wọ́n bá ní kí Alàájì wá. Wọ́n fẹ́ rí i.

Mo ní ó ti rìnrìn àjò. Wọ́n ní, "Ó rìnrìn àjò, ó sì kí mi láàárọ̀ yìí?" Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún un. Wọ́n wojú mi bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tó bá ní ewúrẹ́ ló jẹ ìwé òun.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹnì kan ṣoṣo ló ń béèrè mi nínú gbogbo ìlú yìí. Ṣé o fẹ́ kí n kú láìrí i ni?"

Mo pe Alàájì. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó ní òun máa wá lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó wá. Jalabíà funfun ló wọ̀, bàtà rọ́bà ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó wá dà bí ẹlòmíràn lójú mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kí Màámi: ẹ kú ilé, ẹ kú ìsinmi, ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò lábùlà. Lórí ìlà, mi ò ka ohùn yẹn sí. Nínú pálọ̀ mi, ó ń dún bí agogo. Màámi ò kọ́ ọmọ kankan níwèé rí níbòmíràn yàtọ̀ sí Èkìtì. Mo di àga mú.

Màámi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ nìyí. O ti dàgbà."

"Mo ti dàgbà, mà."

"Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti jáwọ́, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Dìde, jókòó. Ìyá rẹ ńkọ́?"

Alàájì wo ilẹ̀. "Wọ́n ti ṣaláìsí, mà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan."

Màámi ní, "Pẹ̀lẹ́. Wọ́n tọ́ ẹ dáadáa."

Wọ́n jẹ ìrẹsì. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í ṣe kí èèyàn mọ́, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń yan ẹ̀pà tí kì í jóná. Wọn ò pe orúkọ ìlú kan, wọn ò pe orúkọ èèyàn kan. Èmi jókòó láàárín bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Nígbà tí Alàájì ní àkókò ìrun ti ń tó, Màámi gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n wúre fún un, gígùn bí ìwúre ọjọ́ ìgbéyàwó.

Mo sìn ín dé géètì. Ibẹ̀ ló ti dúró.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo rò pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan ni yín. Ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

"Ẹ ti ní Màmá ní kí ẹ kí mi." Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ṣé kí n wá ní kí Màmá gba ìkíni wọn padà ni?"

Ó lọ. Mo padà wọlé. Màámi ń tú gèlè. Mo ti pinnu pé màá sọ òótọ́, mo ti la ẹnu.

Wọ́n ní, "Kì í ṣe ọmọ ilé ìwé mi."

"Màámi..."

"Ará Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ wá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́? Àti pé obìnrin ni èyí tó ń jẹ ṣọ́ọ̀kì."

Mo jókòó. "Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí, ẹ wá ní kí n lọ máa bi ọkùnrin ọlọ́kùnrin léèrè ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì lójú gbogbo ayé?"

"Mo fẹ́ mọ irú èèyàn tó jẹ́ ni. Ẹni tó lè dá ẹ lóhùn irú ìyẹn láìbú ẹ, èèyàn gidi ni." Wọ́n ká gèlè náà, wọ́n gbé e lé itan. "Àwọn tí mo kọ́ níwèé pọ̀ bí iyanrìn. Èwo nínú wọn ló béèrè mi? Ẹni tó bá ti ń béèrè mi, mo mọ̀ ọ́n."

Mo rò pé ó tán, mo fẹ́ dìde kó abọ́.

Wọ́n ní, "Ìwọ náà. O máa ń sọ fún un láràárọ̀ pé mo wà dáadáa. Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo kó abọ́. Mo fọ̀ wọ́n, mo tún wọn fọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò tíì wọ bàtà tí mo fi lọ sí yàrá wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ara yín ńkọ́?" Màámi wò mí bóyá mo fẹ́ yá nǹkan ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, kò sì tètè tán, torí ó ti pẹ́ tó ti wà nílẹ̀.

Nígbà tí mo dé ilé búrẹ́dì, ìlà ti tú, búrẹ́dì gbígbóná ti tán. Alàájì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tòun ti bàtà rọ́bà rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì méjì mọ́ abíyá.

"Àǹtí, ẹ kú àárọ̀ o. Màmá ńkọ́?"

Mo ní, "Orúnkún ọ̀tún ń dùn wọ́n. Wọn ò sì fẹ́ràn táǹkì omi yẹn rárá."