Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Dúdú

Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo wà ní Òṣogbo, wọ́n fi irin gbé itan mi ọ̀tún sókè, nígbà tí Ìyá Tóyìn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yọ fíìmù kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Kò tíì la ẹnu tí mo ti mọ̀. Fíìmù náà dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ìdí ìkòkò.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò dáa?”

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Ìlá Ọ̀ràngún ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Fọ́tò aláwọ̀ ti ń gbòde nígbà náà, Òṣogbo la ń gbé ìyẹn lọ fọ̀. Ṣùgbọ́n ti dúdú àti funfun, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń fọ̀ ọ́, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí à ń pè ní yàrá dúdú. Tí fíìmù bá kúrò nínú kámẹ́rà, kò gbọdọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ rárá títí a ó fi rì í sínú oògùn méjèèjì, èyí tó ń mú àwòrán jáde àti èyí tó ń mú un dúró. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹni tó bá mọ yàrá dúdú lè ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lọ́la, ohun tó sì bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi ohun gbogbo han àwọn méjì tó bá a ṣiṣẹ́, ni wọ́n bá lọ gba ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀ọ́kán rẹ̀. Mo búra pé kò ní ṣẹlẹ̀ sí èmi. Nígbà tí Ìyá Tóyìn wá bá mi ṣiṣẹ́, abiyamọ ni, ó já fáfá ju èmi gan-an lọ. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń to iná, bí a ṣe ń mú kí ọmọdé jókòó jẹ́ẹ́. Ti yàrá dúdú, mo sọ fún un pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pa ẹni tí ara rẹ̀ kò bá tíì mọ̀ ọ́n, pé ọ̀gá mi ló fún mi ní nǹkan lá kí n tó wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Irọ́ ni. Mo tilẹ̀ máa ń wúkọ́ nígbàkigbà tí mo bá jáde níbẹ̀, kí ó lè rí i. Á sáré bu omi wá fún mi. Màá mu ún.

Odindi ọdún mẹ́fà nìyẹn. Bí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀, ṣọ́ọ̀bù a tì. Àwọn oníbàárà á sọ pé kò sí ẹni tó lè ṣe é bíi tèmi, inú mi á sì máa dùn bíi ti òmùgọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá iléèwé kan tó ń gbé ní Ìbàdàn, Fọlọ́runṣọ́, gbé ìyá rẹ̀ wá láti Ọ̀rà. Màmá kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀, torí ojú òsì rẹ̀ ti funfun láti kékeré, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wò ó. Ọmọ ti fi ọdún pípẹ́ bẹ̀ ẹ́. Mo yí àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo ní kí Màmá dojú kọ ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n rẹ àgbọ̀n sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ orin lókèèrè. Òjìji bo ojú òsì yẹn. Ẹwà tó wà ní ojú ìyá yẹn lọ́jọ́ náà, mi ò rí irú rẹ̀ mọ́.

“Ṣé kò ní hàn?” ni wọ́n bi mí.

“Kò ní hàn, Màmá. Ẹ ó rí i fúnra yín.”

Mo wé fíìmù náà sínú bébà dúdú, mo gbé e sí yàrá dúdú, mo ti ilẹ̀kùn. Ní Sátidé, ọ̀kadà tó ń gbé mi bọ̀ láti Ìgbájọ ṣubú, itan mi ṣẹ́. Ọsibítù gé ṣòkòtò mi dà nù, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, Màmá ti kú.

Fọlọ́runṣọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń sunkún, ó ní fọ́tò yẹn nìkan ni òun ní. Ìyá Tóyìn kò lè wo ẹkún yẹn. Ó pe káfíńtà, wọ́n já ilẹ̀kùn. Ó mọ̀ pé fíìmù àti ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ló ní, kò sì fẹ́ kí afẹ́fẹ́ yàrá náà pa òun. Ó fi òkúta dá ilẹ̀kùn dúró kó lè ṣí sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, ó fi aṣọ dí àlàfo náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú fíìmù. Oòrùn ọ̀sán wọlé láti abẹ́ aṣọ kó tó rì í sínú oògùn.

Ó rò ó fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn bó ṣe ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Ọ̀gá, ká ní mo tilẹ̀kùn, ṣé ǹ bá ti kú ni?”

Mo wo òkè ilé. “Rárá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó ń pa èèyàn.”

Kò bú mi. Ó ká fíìmù náà padà sínú báàgì rẹ̀, ó ní, “Omi tí mo máa ń bù fún yín ńkọ́?” Ó sì jáde. Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń ro mí.

Mo gbọ́ bí ìsìnkú ṣe lọ. Ẹnì kan ní kí wọ́n lo fọ́tò àbúrò Màmá lóbìnrin torí wọ́n jọra, àbúrò náà fárígá pé òun kò tíì kú. Bíbélì Màmá àti gèlè rẹ̀ ni wọ́n gbé sórí tábìlì.

Nígbà tí mo padà sí Ìlá, igi ni mo fi ń rìn. Èmi ni mo lọ sílé Ìyá Tóyìn lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ kó tó padà. Mo jókòó sórí àga nínú òkùnkùn, mo ń fi ẹnu sọ, ó ń fi ọwọ́ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwọ̀n oògùn sára ògiri. Ó ní kí a kọ orúkọ gbogbo oníbàárà sára àpòòwé fíìmù wọn, torí inú orí mi nìkan ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́rin la fi ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ tuntun, ara ìṣó lẹ́nu ọ̀nà la gbé e kọ́. Ìyá Tóyìn kò lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kankan ní ọ̀ọ́kán mi. Mi ò bi í léèrè ìdí rẹ̀ títí dòní, ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ ń bà mí.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Fọlọ́runṣọ́ wá sílé fún ọdún, ó mú àbúrò Màmá wá. Ó kí mi dáadáa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó bí Màmá ṣe jókòó.”

Èmi nìkan ló ṣì mọ̀ ọ́n. Mo júwe rẹ̀ fún Ìyá Tóyìn, àga, fèrèsé, àgbọ̀n. Ó yà á, ó wọ yàrá dúdú, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Mo jókòó síta pẹ̀lú oníbàárà bí ẹni tí kò níṣẹ́. Fọ́tò tó gbé jáde dára ju ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe lọ nígbà yẹn.

Fọlọ́runṣọ́ wò ó títí. “Ẹ ṣeun,” ó ní. “Àbúrò wọn ni.”

Mo ta ṣọ́ọ̀bù náà fún Ìyá Tóyìn nígbà tí ojú mi ń ṣú. Àpótí àpòòwé wà níbẹ̀, orúkọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo kọ ti ọ̀kan nínú wọn: Ìyá Fọlọ́runṣọ́, Ọ̀rà. Ìyá Tóyìn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.