Ta Ló Fi Àgbọn Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgbàdo Amẹ́ríkà?

Oúnjẹ Amẹ́ríkà tí mo jẹ lónìí, ara ń fu mí sí i o.

Màmá mi wá kí mi láti abúlé wa, Òkè-Òpin, mo bá mú wọn lọ sí ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà tuntun kan ní GRA, Ìlọrin. Kúkù fúnra rẹ̀ jáde wá kí wa. Ó ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní Texas lòun ti kọ́ṣẹ́.

Wọ́n gbé adìẹ díndín dé, pẹ̀lú àgbàdo sísè tí wọ́n fi bọ́tà pa lára. Ègé àgbọn mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo náà!

Mo wo àgbọn. Mo wo kúkù Texas.

Màmá ò tiẹ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ. Wọ́n tẹjú mọ́ kúkù: "Ojú rẹ jọ ojú kan ní Òkè-Òpin. Ọmọ ta ni ọ́?"

Texas dọ̀bálẹ̀ gbalaja!

"Màmá, ọmọ Bàbá Káfíńtà ni mí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ rọra sọ̀rọ̀, àwọn oníbàárà ń gbọ́."

Ìgbà yẹn ni Màmá tó jẹun. Wọ́n tún ní kó bu àgbọn sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Amẹ́ríkà, ṣé wọ́n ń fi àgbọn jẹ àgbàdo lọ́hùn-ún?

Ọmọ Bàbá Káfíńtà, ìwọ má dáhùn.