Òtẹ́ẹ̀lì Mi Wé Gèlè
Mo fi gèlè àǹtí mi ṣe òrùlé òtẹ́ẹ̀lì lónìí o!

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní yíya àwòrán ilé ní ká fi páálí kọ́ òtẹ́ẹ̀lì aláràbarà tó máa wà láàárín oko àjàrà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì.

Òrùlé tèmi rún wómúwómú nínú takisí láti Deira sí Sharjah, nílẹ̀ Lárúbáwá níbí. Mo rò pé ìwé mi ti parí nìyẹn. Mo bá wé gèlè tí mo fi bò ó lé e lórí.

Olùkọ́ rìn yí i ká. "Kí lèyí?"

"Ẹ má bínú, sà. Gèlè ni."

"Khalas, ó tó, má tú u! Ó máa wà níbí kí gbogbo èèyàn wò ó."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé àǹtí mi fẹ́ wé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la Jímọ̀, torí ọjọ́ Jímọ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ń jọ́sìn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí ni kí n sọ fún àǹtí mi?