Òrùka Sátọ̀nù Nínú Ìkòkò Aró

Ọjọ́ tí màmá mi pa Sátọ̀nù, ayé olórùka tó wà lójú ọ̀run, láró ní ọjà aláàdìrẹ Ìtòkú ni n kò lè gbàgbé láéláé.

Mo fi fọ́tò tí ọkọ̀ ojú sánmọ̀ yà han màmá: Sátọ̀nù àti òrùka rẹ̀, àwọn òṣùpá yí i ká.

“Ta ló di àdìrẹ yìí? Ọwọ́ ẹ̀ mọ́ o!”

Mo ní ojú ọ̀run ni, ọkọ̀ ojú sánmọ̀ ló yà á. Kíá, wọ́n fi okùn iko di òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ funfun, wọ́n rì í sínú aró.

Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta: “Màámi, aṣọ oníbàárà nìyẹn!”

Nígbà tí wọ́n tú u, òrùka yọ, funfun báláú, òṣùpá rẹ̀ pé! Nígbà tí oníbàárà dé tí wọ́n rí i, wọ́n gbá aṣọ mọ́ra, wọ́n ń jó.

Màmá gbójú sókè: “Kí ọkọ̀ yẹn wá ya fọ́tò tiwa náà!”