Ẹ́ńjìnì Tí Ẹnikẹ́ni Lè Rà

"Àǹtí Gunvor, kí ló dé tí ẹ fi ń fi ohun tó dáa sínú ẹ́ńjìnì tí ẹlòmíì lè gbà lọ́wọ́ yín?"

Tuva kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu òun. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, kì í sì í sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì iléèwé. Ẹ̀yìn awakọ̀ ló máa ń jókòó sí, tí á máa wo igbó bó ṣe ń sá sẹ́yìn lójú fèrèsé. Gunvor Hedlin ló ń wa bọ́ọ̀sì náà. Ó wo ọmọ náà nínú dígí, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ọmọ tí mo rò pé kò ní ahọ́n!"

Ó yí bọ́ọ̀sì sí ọ̀nà iléèwé.

Kò sí ẹni tí kò mọ Gunvor ní abúlé wọn ní ìpínlẹ̀ Värmland. Àárọ̀ bọ́ọ̀sì, ọ̀sán bọ́ọ̀sì, bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó di inú abà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ eré rẹ̀ wà, Saab àtijọ́ kan tí ìpẹtà ti jẹ létí. Eré àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń sá lórí pápá oníyẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́yìn abúlé. Kí olówó má baà fi owó gba ipò, òfin eré náà le. Bí wọ́n bá sáré tán, ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé àṣẹ ìsáré lè fi orúkọ sílẹ̀ láti ra ọkọ̀ tó bá wù ú, iye kan náà tí kò wọ́n ni wọ́n sì fi lé gbogbo ọkọ̀. Inú garawa kan ni wọ́n ń ju orúkọ sí; bí orúkọ bá pọ̀, wọ́n á ṣẹ́ gègé. Ọlọ́kọ̀ tó bá lóun ò tà, òun àti pápá dìgbóṣe.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi wáyà so ẹ́ńjìnì tiwọn, kó ṣáà ti sáré tán lónìí. Gunvor kò mọ ìyẹn ṣe. Ibi tí wọ́n ń kó òkú ọkọ̀ sí ló ti ń ṣa nǹkan tirẹ̀. Tọ́bò rẹ̀, ẹ̀rọ tó rí bí ìgbín, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì kékeré kó lè ní agbára ńlá, ara ọkọ̀ tó forí sọ igi ló ti tú u. Ó fi ìka mi ọ̀pá inú rẹ̀ wò bóyá ó ń yẹ̀, ó fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, ó sì wá páìpù ọ́ìlì gidi fún un, nítorí òùngbẹ ọ́ìlì ló ń pa tọ́bò. Gáskẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú orí ẹ́ńjìnì nìkan ló rà ní tuntun; ó ní ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ibi à ń ṣahun. Bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. "Èyí tó rọra délé," ni yóò wí, "ó sàn ju èyí tó bẹ́ sọ́nà."

Lọ́sẹ̀ tí Tuva bi í ní ìbéèrè yẹn gan-an, Gunvor ló gba ipò kìíní. Orúkọ kún inú garawa. Àṣà ni pé kí ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò forúkọ sílẹ̀, kí ẹni tí gègé bá mú nínú wọn lè dá ọkọ̀ padà fún ẹni tó ni ín. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Gunvor, àmọ́ géndé kan láti ìlú Arvika ni gègé mú. Gunvor fún un ní kọ́kọ́rọ́.

"Gbọ́ o, bó o bá sáré tán, má pa á lójú ẹsẹ̀. Jẹ́ kó mí ná, kí tọ́bò tutù."

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀, ó tún ti wà nídìí òkú ọkọ̀, ó ń to òmíràn.

Ọdún gorí ọdún, Tuva di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó gba ìwé àṣẹ ìsáré, ó sì ṣa èso nínú oko olóko ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kó lè tu owó jọ. Nígbà tí eré parí lọ́jọ́ kan, ó rìn lọ sídìí garawa, ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ̀ Gunvor. Òun ni gègé mú.

Ariwo ayọ̀ sọ. "Gunvor, ọkọ̀ rẹ padà sílé o!" Torsten tó ń dín sọ́séèjì létí pápá pàtẹ́wọ́. Gunvor fúnra rẹ̀ na ọwọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un padà.

"O ṣeun, ọmọ dáadáa. Màá dá owó rẹ padà fún ọ."

Kọ́kọ́rọ́ náà ń gbóná lọ́wọ́ Tuva. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, àṣà kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá fi í lé ọwọ́ yẹn, kò sẹ́ni tí yóò bínú sí i, àmọ́ ọkọ̀ tó fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ronú nípa rẹ̀ lọ nìyẹn.

"Àǹtí Gunvor, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ó di kọ́kọ́rọ́ náà mú. "Mi ò rà á láti dá a padà. Èmi ni mo fẹ́ máa wà á."

Àwọn èèyàn yíjú sí i.

"Háà!" ni Torsten wí. "Ológbò tí kì í dún ti gbé ẹja lọ!"

Gunvor fa ọwọ́ tó nà padà. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín inú dígí ọjọ́sí gan-an.

"Abà mi ṣì wà níbẹ̀ bó o bá fẹ́ tún un ṣe," ó wí. "Wọnú ọkọ̀, tan án."

Tuva wọnú rẹ̀, ó tan án. Ẹ́ńjìnì náà gbaná, ó rọlẹ̀, tọ́bò sì súfèé tínrín. Gunvor nawọ́ gba ojú fèrèsé tí kò ní gíláàsì, ó fa bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà dáadáa.

"O bi mí léèrè nǹkan kan rí nínú bọ́ọ̀sì."

"Ẹ ṣì rántí?"

"Mo rántí. Mi ò mọ ẹni tó máa jókòó síbẹ̀, Tuva. Ó ṣáà lè jẹ́ ọmọ tí mò ń gbé lọ sí iléèwé."