Ọjọ́ Orí Kòkòrò Náà

Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kó eré kan bọ̀ wálé ní Ìkòròdú. Ìwé, bírò àti dáìsì lúdò méjì ni. Òun á máa sọ ìtàn, àwa á sọ ohun tí a fẹ́ ṣe, dáìsì á sọ bóyá ó bọ́ sí i. Èmi àti ọmọ àbúrò màmá mi, tó wá lo họ́lidé láti Ẹ̀pẹ́, ni jagunjagun.

Ẹ̀gbọ́n mi ní a wọ inú ihò kan, a sì bá kòkòrò kan níbẹ̀ tó tóbi ju màlúù lọ. Kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn ló ń gbọ́. Ó ti pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe?"

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní òun dọ̀bálẹ̀. Mo ní èmi náà kúnlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbá tábìlì. "Ọ̀tá yín ni! Ẹ yọ idà!"

"Bọ̀dá, sí ẹni ọ̀ọ́dúnrún ọdún?" ni mo bi í.

Màmá mi yọjú láti kíṣìnnì. "Ta ló pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún? Ṣé ẹ ti fún wọn lómi?"

Ẹ̀gbọ́n mi kó dáìsì rẹ̀, ó ní òpè ni wá. Títí dòní, mi ò tíì rí ibi tí a ti ṣe òpè níbẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó pa ọ̀ọ́dúnrún rẹ́ nínú ìwé rẹ̀, ó kọ ọdún méje. Kòkòrò náà wọlé wá bá wa. Ó gbọ́ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wa, síbẹ̀ kò kí wa.

A pa á.